Ìwé tó sùn nínú dúrọ́ọ̀ mi

Mo ti ṣèlérí pé ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru la óò máa bá lọ lọ́sẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ẹ foríjì mí, mo fẹ́ yà díẹ̀. Ìyá kan nínú ọ̀kan lára àwọn ẹgbẹ́ wa ní Ìjàrà ló pè mí ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ṣé lóòótọ́ ni pé oògùn HIV ti tán, pé àwọn òyìnbó ti kó owó wọn lọ?" Mo dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, oorun kò kùn mí. Ohun kan tí mo ti ń gbé kiri láti bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló tún jí sí mi nínú.

N óò sọ ọ́ lónìí. Ó gùn díẹ̀, ẹ wá àga jókòó. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò bá ríran kà á, kó pe ọmọ kà á sí i létí, ṣùgbọ́n kó jẹ́ ọmọ tó lè pa ẹnu mọ́.

Ẹ mọ̀ pé ìta ni mo ti ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì kí n tó fẹ̀yìn tì wá sílé. Ilé ìwòsàn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, n kò ní í dárúkọ rẹ̀, n kò sì ní í sọ ìlú tó wà. Obìnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀, mo ti yí nǹkan díẹ̀ padà kí ẹnikẹ́ni má baà fi ìka tọ́ ọ. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní Ìyá Aláṣọ. Kì í ṣe òun ló ń ta aṣọ o, èmi ni mo di aláṣọ nítorí rẹ̀. Ẹ óò rí i níwájú.

Ìyá Aláṣọ ní kòkòrò HIV. Ó mọ̀, ọkọ rẹ̀ mọ̀, ó sì ń lo oògùn rẹ̀ déédéé. Kì í gba oògùn ní ìlú tó ń gbé. Ẹ̀yin náà mọ bí ìlú kékeré ṣe rí: ẹni tó ń pín oògùn lè jẹ́ ọmọ àbúrò ìyá ọkọ ẹni, ẹni tó jókòó sí bẹ́ǹṣì lè jẹ́ ará ilé ẹni. Bí ará Ìsin ṣe ń wọ mọ́tò lọ sí Òmù-Àrán nítorí ojú ayé, bẹ́ẹ̀ ni ará Òmù-Àrán ń wọ mọ́tò lọ sí Ìlọrin. Ọ̀dọ̀ wa ló ń wá, ó ń gba ọkọ̀ méjì kó tó dé.

Ó lóyún. Nítorí ọ̀nà jìn, ó forúkọ oyún sílẹ̀ ní ibùdó ìlera tó wà nítòsí rẹ̀. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò níbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe fún gbogbo aláboyún, wọ́n rí i, wọ́n ṣí káàdì tuntun fún un. Ó fẹ́ sọ pé òun ti ní káàdì níbòmíràn, ṣùgbọ́n ìtìjú kò jẹ́. Kò pẹ́ sí i, ikọ́ mú un. Wọ́n ní kó lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ikọ́ ife. Àwọn yẹn náà ṣí káàdì tiwọn. Ẹnì kan ṣoṣo, oyún kan ṣoṣo, káàdì mẹ́ta.

Kí ló dé tí káàdì fi jẹ́ mẹ́ta? Owó tó gbé ibi kọ̀ọ̀kan dúró yàtọ̀ síra ni. Púrójẹ́ẹ̀tì kan ló ń gbọ́ bùkátà ọ̀dọ̀ wa, òmíràn ló ń gbọ́ ti àwọn aláboyún níbẹ̀ yẹn, owó kẹta ló wà fún ikọ́ ife. Ẹ wò ó bí ìgbà tí ẹgbẹ́ mẹ́ta bá jọ ń ṣe ìnáwó ìyàwó kan. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní aṣọ tirẹ̀, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní alásè tirẹ̀, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ń ka iye abọ́ tó gbé jáde kó lè fi yangàn. Àlejò kan jẹun lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, wọ́n rí i pé ìyàwó fúnra rẹ̀ kò tíì fi nǹkan kan ẹnu.

Lẹ́yìn tí Ìyá Aláṣọ bímọ, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà ní gìgísẹ̀ nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé èyí díẹ̀, nítorí àwọn ìyá àgbà máa ń bi mí. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ní kòkòrò yìí, a kò lè fi àyẹ̀wò ojú ẹsẹ̀ tí à ń ṣe fún àgbàlagbà yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tó ṣì kéré, nítorí ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìyá ṣì wà lára ọmọ, yóò sì ṣini lọ́nà. A máa ń kán ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sórí páálí, a óò jẹ́ kó gbẹ, a óò sì fi ránṣẹ́ sí láàbù ńlá tó wà ní ìlú mìíràn. Èsì á padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí ọmọ bá ti ní in, kíá ló yẹ kó bẹ̀rẹ̀ oògùn. Nínú àwọn ọmọ tí wọ́n bí pẹ̀lú kòkòrò yìí tí wọn kò rí oògùn lò, nǹkan bí ìdajì ni kì í pé ọmọ ọdún méjì láyé.

Awakọ̀ tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí láàbù, púrójẹ́ẹ̀tì tiwa ló ń sanwó rẹ̀. Ó bá ibùdó ìlera yẹn gbé tiwọn lọ pẹ̀lú, oore ni ó ṣe. Ìgbà tí èsì padà dé, gbogbo rẹ̀ wà nínú àpò ìwé kan, ọ̀dọ̀ wa ló sì já a sí. Mo tú àpò náà. Mo rí ìwé kan tí nọ́ńbà rẹ̀ kò jọ tiwa. Mo bi ọ̀gbẹ́ni tó ń tọ́jú fáìlì pé, "Ṣé tiwa ni?" Ó wo rẹ́jísítà, ó ní, "Kì í ṣe tiwa, Mà." Mo fi ìwé náà sínú dúrọ́ọ̀ mi. Mo ní ẹni tó ni ín á wá béèrè rẹ̀.

Kò sí ẹni tó wá. Ní ibùdó ìlera, wọ́n gbà pé èsì kò tíì dé. Ìyá ọmọ béèrè lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n dá a lóhùn pé kó máa mú sùúrù. Nígbà tó yá, ó rò ó lọ́kàn ara rẹ̀ pé bí ọ̀ràn bá wà, wọn ì bá ti pe òun.

Ní gbogbo àkókò yìí, ní ilé ìwòsàn tiwa, orúkọ Ìyá Aláṣọ ti bọ́ sórí ìwé àwọn tí a ń pè ní "sá lọ". Kò sá lọ síbì kankan. Ibùdó ìlera ló ti ń gba oògùn, nítorí ìkókó kò jẹ́ kó lè wọ ọkọ̀ méjì. Ṣùgbọ́n a kò mọ̀, púrójẹ́ẹ̀tì wa sì fẹ́ kí iye àwọn tó sá lọ dín kù kí oṣù tó parí. A rán ọ̀dọ́mọkùnrin kan lọ wá a. Alùpùpù púrójẹ́ẹ̀tì ni wọ́n gbé fún un, wọ́n kọ orúkọ púrójẹ́ẹ̀tì náà gàdàgbà sí i lára. Gbogbo ènìyàn mọ ohun tí orúkọ yẹn ń ṣe. Ó wọ agboolé ọkọ rẹ̀ ní ọ̀sán gangan, ó béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá ọkọ.

Mi ò ní í gùn ún lọ títí. Ìyá ọkọ ya abọ́ rẹ̀ sọ́tọ̀, ó ya ife rẹ̀ sọ́tọ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí obìnrin náà fi gbé ọmọ rẹ̀ pọ̀n, ó kúrò nílé ọkọ. Ẹni tí kò sá lọ, àwa la lé e títí ó fi sá.

Ìgbà wo ni mo wá rí ìwé inú dúrọ́ọ̀? Àwọn olówó wa ń bọ̀ wá wo iṣẹ́, a ń palẹ̀ mọ́. A ti kun ògiri, a ti lẹ àtẹ tó ń fi hàn pé iṣẹ́ wa dára. Ó sì dára ní tòótọ́, lórí ìwé. Mo ń da ohun inú dúrọ́ọ̀ sílẹ̀ kí n lè nù ún ni mo rí ìwé náà. Mo wo ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀: ó ti lé ní oṣù mẹ́rin. Mo wá kà á dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọmọ náà ní kòkòrò. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ọ́fíìsì, pẹ̀lú aṣọ funfun mi. Lọ́jọ́ kejì, àwọn olówó dé, wọ́n wo àtẹ wa, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún wa. Èmi náà pàtẹ́wọ́.

Mo gbé ìwé náà lọ sí ibùdó ìlera, a wo nọ́ńbà rẹ̀, a rí ìyá rẹ̀. A gbọ́ ìlú tó sá lọ. N kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rán alùpùpù. Mo ra àńkárá bíi mẹ́fà lọ́jà, mo dì í lérù, mo kiri rẹ̀ wọ agboolé àwọn òbí rẹ̀ bí aláṣọ. Bí mo ṣe rí i nìyẹn. Ó dá mi mọ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́n, ó ní, "Ẹ wọlé, ẹ jẹ́ kí n wo aṣọ yín." Inú yàrá ni mo ti sọ fún un. Ọmọ náà ti ń lọ sí oṣù mẹ́jọ, kò sì wúwo ju ọmọ oṣù mẹ́ta lọ. Kò bú mi. Ó kàn bi mí pé, "Ṣé ìwé yẹn wà lọ́dọ̀ yín láti ìgbà yẹn?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ọmọ náà kò kú. A dúpẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ oògùn lọ́sẹ̀ yẹn, ó pẹ́ kó tó rìn, ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó ń bẹ láyé, wọ́n ní ó ti ga ju ìyá rẹ̀ lọ.

Ẹ má rò pé mo ń sọ̀rọ̀ owó òkèèrè láìdáa. Mo wà ní wọ́ọ̀dù nígbà tí kò sí. Panadol àti omi ni a fi ń ṣe ìtọ́jú, a ó kàn máa wo ènìyàn títí yóò fi kú. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pín oògùn ní 2002, àgbàlagbà 10,000 àti ọmọdé 5,000 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ètò náà, ní ilé ìwòsàn 25 péré ní gbogbo Nàìjíríà, ẹni tó bá sì ráàyè wọlé ń san ₦1,000 lóṣù. Global Fund bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2002. Ààrẹ Bush ti Amẹ́ríkà kéde ètò PEPFAR ní 2003, Nàìjíríà sì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ tó jàǹfààní rẹ̀. Nígbà tó di 2006, oògùn di ọ̀fẹ́ ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba. Àwọn tí ì bá ti kú ń ṣe ìyàwó ọmọ báyìí.

Ṣùgbọ́n owó náà kò gba ẹnu ọ̀nà kan wọlé. Ti Amẹ́ríkà nìkan gba ọwọ́ USAID, ó tún gba ọwọ́ CDC, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì gbé iṣẹ́ fún àwọn àjọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Global Fund ní tirẹ̀, ìjọba wa ní tirẹ̀. Oníkálukú ní fọ́ọ̀mù, oníkálukú ní ọjọ́ tó ń gba ìròyìn, oníkálukú ní ohun tó fẹ́ kí a kà fún òun. Mo ti rí nọ́ọ̀sì kan tó kọ ọ̀rọ̀ aláìsàn kan ṣoṣo sínú ìwé márùn-ún, tí aláìsàn náà sì ti lọ kó tó rántí pé òun kò wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀.

Àwọn àgbà ayé rí i tipẹ́ pé èyí á dá wàhálà sílẹ̀. Ní oṣù kẹrin 2004, àwọn olówó àti àwọn orílẹ̀-èdè jókòó ní Washington, wọ́n fẹnu kò sórí ohun tí wọ́n pè ní "Three Ones": kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní ètò kan, kó ní aláṣẹ kan tó ń darí gbogbo rẹ̀, kó sì ní ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà ka iye. Níbí, NACA ni aláṣẹ yẹn. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Kó tó dé ibi tí nọ́ọ̀sì jókòó sí, ó gba ọ̀pọ̀ ọdún.

Kí ẹ má sì rò pé ìwà aláwọ̀ dúdú ni. Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ ṣe é. Ọmọdékùnrin kan wà ní ìpínlẹ̀ Indiana tó ń jẹ́ Ryan White. Oògùn tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn ṣe ni wọ́n ń fún un nítorí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í dì, ibẹ̀ ló ti kó kòkòrò yìí. Ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ lé e. Ó kú ní oṣù kẹrin 1990, ọmọ ọdún 18. Lọ́dún yẹn náà ni wọ́n ṣe òfin kan tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè, láti máa náwó lórí ìtọ́jú àwọn tí kò ní agbára. Òfin náà pín owó sí ọ̀nà púpọ̀: ọ̀kan fún àwọn ìlú ńlá, ọ̀kan fún ìpínlẹ̀, ọ̀kan fún kílíníìkì, ọ̀kan fún àwọn obìnrin àti ọmọ wọn. Aláìsàn kan náà lè gba nínú mẹ́ta, ọ̀nà kọ̀ọ̀kan sì ní àjọ tó ń ṣètò àtúnṣe tirẹ̀ láìwo ẹnìkejì. Ó di dandan kí wọ́n kó gbogbo wọn jókòó pọ̀ ní àwọn ìpínlẹ̀ bíi New Jersey àti Pennsylvania, kí wọ́n jọ mú ohun kan náà, kí wọ́n jọ kà á bákan náà. Ní New York, àwọn kan ti ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń kọ́ kílíníìkì bí yóò ṣe máa yẹ iṣẹ́ ara rẹ̀ wò. Ọ̀nà yẹn ni ilé-iṣẹ́ ètò ìlera ìjọba àpapọ̀ wa mú, tí wọ́n fi dá NigeriaQual sílẹ̀, kí gbogbo àjọ tó ń tọ́jú HIV ní Nàìjíríà lè máa fi òṣùwọ̀n kan náà wọn iṣẹ́ wọn, owó yòówù kó gbé wọn dúró.

Ìpàdé tiwa kò ní orúkọ ńlá. Lẹ́yìn ọ̀ràn Ìyá Aláṣọ, mo lọ bá dókítà àgbà, mo jẹ́wọ́. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní ká pe àwọn tó kù. Ní ìpàdé àkọ́kọ́, ìjà ni. Oníkálukú kó àtẹ tirẹ̀ wá, kò sì sí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò dára. Bí a bá da iye aláìsàn tí oníkálukú ní pọ̀, ó ju iye tí gbogbo wa gbà pé ó ṣeé ṣe kó wà ní agbègbè náà lọ. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan láti ibùdó ìlera ló ní, "Ẹ jẹ́ ká gbé ìwé àwọn tó sá lọ sórí tábìlì." Ojú tì wá, ṣùgbọ́n a gbé e. Nọ́ńbà àti ọjọ́ orí la fi wò ó, a kò pe orúkọ ẹnikẹ́ni sókè. Àwọn tí a ní wọ́n sá lọ lọ́dọ̀ wa, a rí mẹ́sàn-án nínú wọn lọ́dọ̀ àwọn tó jókòó ní iwájú wa. Mẹ́sàn-án tí à bá rán alùpùpù lọ bá! A rí àwọn méjì tí gbogbo wa gbà pé wọ́n wà lọ́dọ̀ ẹnìkejì, tí wọn kò sì sí lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Àwọn yẹn ló sá lọ ní tòótọ́, a kò sì wá wọn rí.

Ẹni tó là wá lójú jù kò kàwé púpọ̀. Ìyá kan ni, òun náà ń lo oògùn, òun ló ń gba àwọn aláboyún tuntun níyànjú. Dókítà ní kó wá jókòó pẹ̀lú wa, àwọn kan kò fẹ́. Ó gbọ́ gbogbo àlàyé wa, ó ní, "Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ ń béèrè ìdí tí a kì í fi í wá. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọjọ́ oògùn lọ́dọ̀ yín, Ọjọ́rú ni ọjọ́ ọmọ lọ́dọ̀ wọn, Ọjọ́bọ̀ ni ti ikọ́. Ọjọ́ wo la ó wá lọ sọ́jà?" Kò sí ẹni tó ti rò ó rí. Gbogbo wa mọ ọjọ́ tiwa, kò sí ẹni tó mọ ọ̀sẹ̀ tirẹ̀.

Bí iṣẹ́ àtúnṣe ṣe ń lọ nìyẹn, kò lágbára ju bẹ́ẹ̀ lọ. A kì í mú ohun mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan. A mú ẹyọ kan: èsì ẹ̀jẹ̀ ọmọ. A ka iye ọjọ́ tó ń lò láti gìgísẹ̀ ọmọ dé etí ìyá rẹ̀, gbogbo wa kà á bákan náà. A béèrè ibi tó ti ń sùn lọ́nà. A rí i pé orúkọ púrójẹ́ẹ̀tì ló máa ń wà lórí àpò, kì í ṣe orúkọ ibi tí ìyá ń lọ. A yí i padà: orúkọ ibùdó ìyá, àti nọ́ńbà fóònù nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo. A gbìyànjú rẹ̀ fún oṣù kan pẹ̀lú ọmọ díẹ̀, a tún kà á. Ó dín kù. A fi kún un pé ẹni tó bá tú àpò tó sì rí ohun tí kì í ṣe tirẹ̀, kó pe olúwarẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú. Èmi ni mo dá òfin yẹn, wọ́n sì mọ ìdí rẹ̀. Lẹ́yìn náà la fi ọjọ́ ìyá àti ọjọ́ ọmọ sí ọjọ́ kan náà. Ti ikọ́, a kò rí i yanjú tán títí mo fi kúrò níbẹ̀, nítorí ọ̀gá wọn ní òun gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí Abuja kí òun tó yí ọjọ́ padà. Ó ṣeé ṣe kó ṣì máa kọ̀wé náà.

N kò fẹ́ pọ́n ìpàdé náà ju bó ṣe yẹ lọ. Púrójẹ́ẹ̀tì ló ń ra míìtì páì, òun ló ń san owó ọkọ̀. Nígbà tí púrójẹ́ẹ̀tì kan kásẹ̀ nílẹ̀, tí òmíràn gbapò rẹ̀, míìtì páì tán, àwọn kan kò sì wá mọ́. Àwa mẹ́rin la ń bá a lọ, lábẹ́ igi, pẹ̀lú ẹ̀pà. Ní tèmi, ìpàdé abẹ́ igi yẹn ló ṣiṣẹ́ jù.

Èyí ló gbé mi padà sórí ìbéèrè tí ìyá yẹn bi mí. Ní ọjọ́ 20 oṣù kìíní 2025, ìjọba Amẹ́ríkà dá owó ìrànlọ́wọ́ òkèèrè dúró. Ìbẹ̀rù mú gbogbo ènìyàn. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, wọ́n ní kí ìtọ́jú tó ń gba ẹ̀mí là máa lọ. Ní oṣù kejì, ìjọba àpapọ̀ wa fọwọ́ sí ₦4.8 bílíọ̀nù láti fi ra oògùn HIV. Nítorí náà, oògùn kò tán. Ẹni tó ń lò ó, kó má dá a dúró, kó má sì dín in kù láti fi tọ́jú pamọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí owó tó dín kù máa ń kọ́kọ́ gé kì í ṣe oògùn. Awakọ̀ tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ, ìyá tó ń gba aláboyún níyànjú, owó ọkọ̀ ìpàdé, àwọn wọ̀nyí ni. Ibẹ̀ gan-an ni ìwé ti ń sùn sínú dúrọ́ọ̀.

Ìdí tí mo fi ń sọ fún ẹ̀yin ẹgbẹ́ obìnrin àti ẹ̀yin bàbá nìyẹn. Ìwádìí ńlá tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2018 fi hàn pé nínú 1,000 ènìyàn tó wà láàárín ọdún 15 sí 49, nǹkan bí 14 ló ní kòkòrò yìí. Láàárín àwọn obìnrin, ó jẹ́ 19, láàárín àwọn ọkùnrin, 9. Kò pọ̀ bí àwọn ènìyàn ṣe ń pariwo, kò sì kéré tó ohun tí a lè gbàgbé. Ọmọ wa wà lára wọn. Ẹ má béèrè ta ni.

Bí ìyàwó ọmọ yín bá lóyún, ẹ jẹ́ kó ṣe àyẹ̀wò, kí ọkọ rẹ̀ náà ṣe é. Bí ẹnikẹ́ni bá ń gba ìtọ́jú ní ibi méjì, kó kó gbogbo káàdì rẹ̀ sínú ọ̀rá kan, kó sì máa fi han nọ́ọ̀sì ní ibi gbogbo tó bá dé. Mo mọ̀ pé ìtìjú wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ yí ibi tó ti ń gba oògùn padà, kó gba ìwé lọ́wọ́ àwọn ti àkọ́kọ́ kó tó lọ, kí wọ́n má baà wá a kiri. Ìyá tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ rẹ̀, kó béèrè ọjọ́ tí èsì máa dé, bí ọjọ́ náà bá pé tí kò rí i, kó padà lọ béèrè, kó tún padà lọ. Kí ó má gbà pé ìdákẹ́jẹ́ túmọ̀ sí àlàáfíà.

Ẹ̀yin bàbá tí ẹ ń jókòó nínú ìgbìmọ̀ ìlera ìlú, nígbà tí wọ́n bá pè yín wá gba iṣẹ́ tuntun tí àjọ kan gbé wá, ẹ fi ọ̀wọ̀ bi wọ́n ní ìbéèrè kan: àwọn wo ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ lórí àwọn aláìsàn kan náà ní agbègbè wa, ìgbà wo ni wọ́n sì máa ń jókòó pọ̀? Bí wọ́n bá ní kò sí àyè, ẹ yá wọn ní gbọ̀ngàn ìlú. Ẹ sì sọ fún wọn pé a kò fẹ́ alùpùpù tí wọ́n kọ nǹkan sí lára nínú agboolé wa. Òfin wà láti 2014 tó lòdì sí kí wọ́n yẹra fún ènìyàn tàbí kí wọ́n lé e níṣẹ́ nítorí HIV.

Ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ gbọ́ èyí kí ẹ tó ya abọ́ ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀. Kòkòrò yìí kì í ràn nípa abọ́, ife, aṣọ tàbí ìdìmọ́ra. Ẹni tó ń lo oògùn rẹ̀ déédéé títí àyẹ̀wò kò fi rí kòkòrò mọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kì í fi ìbálòpọ̀ kó ran ẹnìkejì. Ìyá ọkọ Ìyá Aláṣọ kò mọ èyí. Wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ fún un nígbà tó yá, ó lọ bẹ̀ ẹ́. Obìnrin náà kò padà sílé ọkọ o. Mo bá wọn dá sí i, kò gbà, n kò sì tún bẹ̀ ẹ́ mọ́.

Àńkárá mẹ́fà yẹn, ó ra méjì nínú rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo ní n kò gbowó, ó ní dandan ni kí n gbà á, nítorí àwọn ará ilé ń wo ojú fèrèsé.

Bí ẹ bá ní ìbéèrè lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kọ ọ́ síbi tí gbogbo ẹgbẹ́ yóò ti rí i. Ẹ fi ránṣẹ́ sí èmi nìkan, tàbí kí ẹ pè mí lẹ́yìn aago mẹ́jọ alẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.